Bàtà Kan, Ilẹ̀ Mẹ́ta: Ẹ Ka Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Bàtà Triathlon

Ọ̀rọ̀ bàtà la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe bàtà òde o! Bàtà tí ẹ ó fi sáré nínú triathlon ni, pàápàá tí ojú ọ̀nà bá jẹ́ àdàlù: ọ̀dà níbí, ilẹ̀ pupa lọ́hùn-ún, iyanrìn níwájú.

Fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ìdíje alápá mẹ́ta ni triathlon. Ẹ ó kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́, ẹ ó wá fi eré sísá kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Òlíḿpíìkì láti ọdún 2000 jẹ́ kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́, àti 10 ní ẹsẹ̀. Títì ọlọ́dà ni wọ́n sábà máa ń sá tìyẹn. Oríṣi mìíràn wà tó ń gba inú igbó àti orí òkè; gbajúmọ̀ nínú wọn ni XTERRA, tó bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Maui, ní Hawaii, lọ́dún 1996. Àwọn ìdíje kan sì wà láàárín méjèèjì, tí ẹsẹ̀ yín á kan títì, á kan ilẹ̀ lásán, á tún kan etí omi kí ẹ tó parí. Irú rẹ̀ ni èmi fúnra mi ń múra sílẹ̀ fún báyìí, owó bàtà kan ṣoṣo ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan ń rò: “Ṣé bàtà ló ń sáré ni? Ṣebí ẹsẹ̀ lásán ni Abebe Bikila, ọmọ Ethiopia, fi gba wúrà eré Marathon ní Róòmù ní 1960?” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún gbà á ní Tokyo ní 1964, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin World Triathlon kò gbà kí ẹnikẹ́ni sáré láìwọ bàtà. Nítorí náà, bàtà di dandan. Èwo ni ká wá wọ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí nìyí: ẹ ka ilẹ̀ kí ẹ tó wo bàtà. Ibi tó burú jù lójú ọ̀nà ló máa ń gba ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa. A á gbọ́ pé ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, a á sì lọ ra bàtà eléyín gbọọrọ. Ẹrẹ̀ ọ̀hún lè má ju ọ̀ọ́dúnrún mítà lọ! Kìlómítà mẹ́sàn-án lórí ọ̀dà ni eyín yẹn á fi máa gún yín látìsàlẹ̀, ọ̀dà á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa ka ilẹ̀? Ẹ gba àwòrán ojú ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò ìdíje. Ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín, ẹ yí i sí àwòrán sátẹ́láìtì, ẹ máa tẹ̀ lé ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ iye kìlómítà tó jẹ́ ọ̀dà, iye tó jẹ́ ilẹ̀ lásán, iye tó jẹ́ iyanrìn. Tí ibẹ̀ kò bá jìnnà, ẹ lọ fẹsẹ̀ rìn ín, ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn òjò. Ilẹ̀ pupa tó le bí àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò ọ̀sán kan péré ló máa sọ ọ́ di ọṣẹ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá yí bàtà dojú dé, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bàtà títì, abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Bàtà igbó, eyín rẹ̀ lè gùn tó mìlímítà 4 tàbí 5. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ gidi lè ju 6 lọ. Àárín méjì wà, tí eyín rẹ̀ jẹ́ bíi 2 sí 3, tí fóòmù rẹ̀ sì tún rọ̀ tó láti sá lórí ọ̀dà.

Ká ní kìlómítà mẹ́wàá ni eré náà: mẹ́fà jẹ́ ọ̀dà, mẹ́ta jẹ́ ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́, ọ̀kan jẹ́ iyanrìn. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, bàtà títì tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ dáadáa á gbé yín débi tí ẹ ń lọ. Tí òjò bá ti ń rọ̀, èyí tó wà láàárín méjì ni kí ẹ mú. Ti iyanrìn ńkọ́? Kò sí eyín tó ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú iyanrìn tó rọ̀. Ẹ dín ìgbésẹ̀ kù, kí ẹ sì gba etí omi níbi tí ilẹ̀ ti tutù tó sì le.

Ìgbà kan wà tí mo máa gbà kí ibi kékeré borí ibi ńlá: tí ibi kékeré náà bá lè gbé yín ṣubú, kó dá yín légungun. Tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń yọ̀ bá wà níbẹ̀, tàbí àpáta olómi, ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, kódà kó jẹ́ kìlómítà kan péré. Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún àwọn bàtà gíga olóyè wọ̀nyẹn tí fóòmù wọn nípọn tó nǹkan bí mìlímítà 40. Wọ́n dùn lórí ọ̀dà tó tẹ́jú. Lórí òkúta, ọrùn ẹsẹ̀ á kàn máa yí ni.

Ẹ má gbàgbé pé ẹ ti lúwẹ̀ẹ́, ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà yìí. Ẹsẹ̀ yín lè tutù, ó lè ti wú díẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì í wọ ìbọ̀sẹ̀. Nítorí náà, ẹ ti ọwọ́ bọ inú bàtà, ẹ fi ìka wá ojú rírán tó le. Ibẹ̀ ló máa bó yín lẹ́sẹ̀. Fasilíìnì díẹ̀ níbẹ̀ máa ń ṣèrànwọ́. Ẹ lo okùn oníláṣíìtì, kẹ́ ẹ má bàa máa so okùn nígbà tí àwọn ẹlòmíì ń sá lọ. Bàtà tí ihò ara rẹ̀ tóbi máa ń tú omi dànù kíákíá, àmọ́ iyanrìn náà á gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tó pọ̀ jù lójú ọ̀nà yín ni kí ẹ fi pinnu.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò kan wà níwájú ìka tó gùn jù.

Ẹ̀yin tó ń lọ Katangua fún òkìrìkà, èmi ò ní bá yín jà, mo mọ bí ọjà ṣe rí. Ṣùgbọ́n ojú bàtà lè mọ́ roro kí fóòmù inú rẹ̀ ti kú. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́: tó bá le gbagidi, tó sì ti hunjọ, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì, kí ẹ wò wọ́n láti ẹ̀yìn: tí gìgísẹ̀ bá ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, orókùn yín ló sì máa san gbèsè rẹ̀. Bàtà eré kì í sábà ju kìlómítà 500 sí 800 lọ. Ta ló mọ iye tí ẹni yẹn ti sá?

Èyí tó kẹ́yìn: ẹ má wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ ìdíje. Ẹ gun kẹ̀kẹ́, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi bàtà náà sáré lójú ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tó jọ ti ìdíje náà. Ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Tí gìgísẹ̀ bàtà tuntun bá kúrú ju ti àtijọ́ lọ, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kígbe, ẹ rọra bá a lò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn.

Èmi ti ka ilẹ̀ tèmi. Ọ̀dà ló pọ̀ jù, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò sí níbẹ̀, òjò ìgbà náà kò sì ṣeé fọkàn tán. Èyí tó wà láàárín méjì ni mo máa rà. Tiyín ńkọ́? Ẹ ka ilẹ̀ yín, kí ẹ fi iye kìlómítà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó. Ó dìgbà kan ná o!