Omi, Ọmú àti Ọmọ-Ọwọ́ ní Gberefu

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ ni ti oúnjẹ ọmọ-ọwọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru tí ń pa ọmọ wẹ́wẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú wa ti rí. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, orí iyanrìn ni a tẹ̀ dó sí. Omi yí wa ká, ṣùgbọ́n omi tí ó yẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ní mímu ṣọ̀wọ́n. Iyanrìn kì í dá omi dúró. Bí ṣáláńgá bá sún mọ́ kànga jù, ohun tí ó wà nínú ọ̀kan lè dé inú èkejì láìjẹ́ pé ojú rí i. Àwọn àlejò ń rìn jìnnà láti wá wo kànga tí ìtàn sọ pé a fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èyí tí àwa ń pọn mu lónìí náà yẹ ní wíwò.

Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń kọ́ni pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà: kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí omi ògì. Bí a bá pín ọmú sí ọ̀nà 100, ohun tí ó lé ní 80 nínú rẹ̀ jẹ́ omi, omi tí kò gba inú korobá tàbí ife kọjá. Nítorí náà òǹgbẹ kì í gbẹ ọmọ tí ń mu ọmú dáadáa, àní nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó pọ́n, tí àwọn kan ń fún dànù, ni ó ń dáàbò bo ọmọ jù lọ. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni ń mu ọmú nìkan.

Èmi kò dá àwọn abiyamọ lẹ́bi. Ìyàwó wo ni yóò gba ife omi lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀? Ẹ̀yin ìyá àgbà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ ni ẹ fi ń ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, tí a fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, tí a sì ń rọ ọ́ ní ẹ̀kọ tàbí àgbo, ìdọ̀tí ọwọ́ ń bá a wọlé, ẹ̀kọ náà sì lè ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé, kí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, kí ọmú má sì dúró títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì. Ògì lásán kò tó. Àwa tí a ń sá ẹja, tí a ń yan án, kí ni ó dé tí ọmọ wa ń mu ògì funfun báláú? Ẹ lọ ẹja gbígbẹ tàbí edé kúnná, ẹ pò ó mọ́ ọn. Ìwọ̀nba tí ọmọ yóò jẹ tán ni kí ẹ sè. Èyí tí a sè ní àárọ̀ tí a gbé kalẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ ti ní kòkòrò nínú.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé ńkọ́? Eyín tí ń hù kọ́ ni ó fà á. Ọmọ tí eyín ń hù a máa ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu, ibẹ̀ ni àrùn ti ń wọlé. Àwùjẹ̀ tí ó jìn kì í sì ṣe ohun tí à ń fi nǹkan pa. Omi ni ó tán lára ọmọ. Ẹni tí ó bá ní kí á dá omi àti ọmú dúró kí ìgbẹ́ lè dá, ikú ni ó ń bá ṣiṣẹ́ láìmọ̀.

Ní ọdún 1971, nígbà tí ogun Bangladesh lé ènìyàn wọ Íńdíà, àrùn onígbá-méjì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ wọn ní Bongaon. Omi tí a ń fà sí iṣan kò tó. Dókítà Dilip Mahalanabis po iyọ̀ àti ṣúgà glucose mọ́ omi, ó fi fún wọn mu. Ikú tí ń pa bí 30 nínú 100 já wá sí bí 4. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ Mínísítà Ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, ni ó polongo rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa.

Bí a ti ń pò ó nìyí: omi mímọ́ lítà kan (ọ̀rá omi méjì tí a kọ 50cl sí lára), ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ojú ṣíbí tẹ́jú. Iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù léwu. Ẹ máa fún ọmọ díẹ̀díẹ̀, bí ó bá bì í, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹ da á nù, ẹ po òmíràn. Èyí tí a ti dì sínú ọ̀rá ní ilé oògùn sàn jù ú lọ, kí ẹ sì béèrè oògùn zinc pẹ̀lú. Láti ọdún 2022 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rotavirus, tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu, ti wọ ilẹ̀ wa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fo ọmọ yín.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú ọmọ bá jìn, bí kò lè mu nǹkan, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìwòsàn ní Àgbádárìgì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì máa fún un ní omi náà nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin ará òkè òkun, agolo mílíìkì àti fídà tí ẹ ń kó ránṣẹ́ nígbà tí ìyàwó ilé bá bímọ, ọpẹ́ wa pọ̀. Ṣùgbọ́n omi kànga wa ni a ó fi po mílíìkì yẹn, bí agolo bá sì ń tán lọ, a ó máa fi omi là á. Owó rẹ̀ ni mo tọrọ, Alàgà: kí ẹgbẹ́ fi rọ sìmẹ́ǹtì yí ẹnu kànga wa ká, kí á ní àpótí oògùn ìgbẹ́ gbuuru ní èbúté, kí á sì san owó epo fún awakọ̀ kan tí yóò máa wà ní sẹpẹ́ lóru.