Bí Ikú Ilé Kò Bá Pani: Ọ̀rọ̀ Ìlera Níbi Àyájọ́ Ọdún Kẹwàá Ẹgbẹ́ Wa

  Ọlọ́run tó mú wa rí ọdún 10 yóò mú wa rí ogún ọdún pẹ̀lú àlàáfíà.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ ṣókí lórí ìlera. Ilé ìfowópamọ́ la ti ń ṣiṣẹ́, a kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ owó mọ ìwúlò aago ìkìlọ̀, aago ìkìlọ̀ tó wà nínú ikùn wa la sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Lẹ́yìn àpòlúkù wa, ẹ̀yà ara kan wà tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Páńkíríásì ni àwọn dókítà ń pè é. Òun ló ń pèsè insulin tó ń ṣàkóso ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì ń pèsè omi tó ń mú oúnjẹ dà. Ọ̀kan nínú ohun tó wà nínú omi náà ni trypsin, tó ń tú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà palẹ̀ kí ara lè rí wọn lò.

Ẹ lè béèrè pé, bí trypsin bá lè tú ẹran, kí ló dé tí kò tú ẹran ara tiwa? Ìdí ni pé páńkíríásì ń rán an jáde nígbà tó ṣì ń sùn. Bí ọkọ̀ agbówó ṣe ń gbé owó nínú àpò tí a dì pa ló rí. A kì í tú àpò náà lójú ọ̀nà, àfi tó bá dé ẹ̀ka tó ń lọ. Nínú ìfun ni a ti ń jí trypsin. Bó bá jí sínú páńkíríásì, ilé tó bí i ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Láti ọdún 1896 ni dókítà Hans Chiari ní ìlú Prague ti sọ pé páńkíríásì lè jẹ ara rẹ̀. Ikú ilé gan-an nìyẹn.

Níbí ni aago ìkìlọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì wa ni ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PAR. Oríṣi 4 ni. Ọdún 1991 ni Shaun Coughlin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California kéde èkíní, tó jẹ mọ́ dídì ẹ̀jẹ̀. Ọdún 1994 ni a gbọ́ nípa èkejì, PAR2, òun sì ni trypsin máa ń jí. Kọ́kọ́rọ́ PAR2 so mọ́ ara rẹ̀, ohun kan ló bò ó. Trypsin á gé ìbòrí náà, kọ́kọ́rọ́ á yọ, á sì ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Bí a bá ti gé e, kò ṣe é lẹ̀ padà.

PAR2 wà lára iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Bó bá ti jí níbẹ̀, inú á run, ibẹ̀ á sì wú. Ìwádìí fi hàn pé ó lọ́wọ́ sí inú rírun àwọn kan tí dókítà yẹ ìfun wọn wò tí kò rí ọgbẹ́ kankan. Ẹ má ṣe sọ fún irú wọn mọ́ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Síbẹ̀, nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára eku, nígbà mìíràn PAR2 ń dáàbò bo páńkíríásì, nígbà mìíràn ó ń dá kún ìpalára. Ìdí nìyí tí kò fi rọrùn láti kàn wá oògùn tí yóò pa á lẹ́nu mọ́.

Kí wá ni tiwa níbẹ̀? Bí ẹnì kan bá di ikùn mú láàrin wa, ohun tí a máa ń sọ ni pé ọgbẹ́ inú ni, kó lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Ní ilé ìfowópamọ́, bí aago bá dún lóru, ẹni tó gé wáyà rẹ̀ kò tíì lé olè. Bí ìrora bá mú ni lókè ikùn, tó le, tó gba ẹ̀yìn lọ, tí èébì tàbí ibà tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lọ́jọ́ náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní lipase lè fi hàn bóyá páńkíríásì ni. Ọ̀pọ̀ tó bá tètè dé ibẹ̀ ló ń gbádùn, ṣùgbọ́n èyí tó bá le lè pani. Bó bá sì ń padà wá léraléra, ó lè di àtọ̀gbẹ.

Ohun méjì tó ń fà á jù ni òkúta inú àpò òróòro àti ọtí. Sìgá náà ń dá kún un. Ọtí tó wà nínú paraga náà, ọtí ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa nìyí: kéréètì bíà ni ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé fi ń san ìtanràn. À ń bẹ ìgbìmọ̀ pé láti ọdún tó ń bọ̀, kó di owó, kí owó náà sì wọ àpò àyẹ̀wò ìlera àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu ọtí kò ní ṣàì rí i rà, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ má fi í ṣe òfin.

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ikú ilé kò ní pa wá, tòde kò ní rí wa gbé ṣe. Ẹgbẹ́ wa á dàgbà, á dogbó. 

Alukoro Ẹgbẹ́