Eré Ìje Nínú Òjò

 

Ìbàdàn ní eré ìje kan tó ń polongo ìwà òtítọ́, Integrity Marathon ti ilé iṣẹ́ rédíò Splash FM. Bí òjò bá wá dé lọ́jọ́ irú eré bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ gbọ́ o: òjò kọ́ ló ń ṣe eléré léṣe jù. Aṣọ tó rin gbindin ni. Mo tún un sọ: aṣọ tó rin ni.

Ẹ ṣáà mọ àmù ilé ìyá àgbà. Omi ń yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, inú rẹ̀ sì ń tutù. Bí aṣọ tó rin ṣe ń ṣe ara wa nìyẹn. Ẹni tó ń sáré gbóná bí ẹ́ńjìnnì. Tó bá dúró ni òtútù ń wọlé.

Ní 2018, níbi eré ìje Boston, l'Amẹ́ríkà, òjò àti atẹ́gùn lu àwọn eléré. Ọ̀pọ̀ ògbóǹtarìgì ló já sílẹ̀ lọ́nà. Ta ló gbapò kìíní nínú àwọn ọkùnrin? Yuki Kawauchi, ará Jàpáàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni nígbà náà, kì í ṣe ẹni tó ń fi eré jẹun. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn!

Tí àrá bá ń sán, ẹ má sáré rárá. Tó bá jẹ́ òjò lásán, ẹ di aṣọ gbígbẹ sínú ọ̀rá, kí ẹnì kan gbé e dúró níbi tí eré parí sí. Ẹ bọ́ èyí tó rin, ẹ wọ gbígbẹ, kẹ́ ẹ tó máa ya fọ́tò o.