Àpò Àánú Yàtọ̀ sí Àpò Òwò

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Fìdítì)

 

Gbogbo ẹni tó bá gba Fìdítì kọjá láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ló mọ ọsàn wa. Bí àkókò rẹ̀ bá dé, òkìtì òkìtì ni àwọn ìyá wa ń tò ó sí ẹ̀bá títì. Èyí tí èrò ọkọ̀ kò bá rà lónìí, yóò rà mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́la. Ní oṣù Kejìlá, ìjọ á pín ìrẹsì fún ìyá kan náà, a ó gbàdúrà, a ó ya fọ́tò. Ní oṣù Kejì, ìrẹsì ti tán, ọsàn ṣì ń rà. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa fi ń béèrè pé, "Pásítọ̀, ṣé kò ní sàn kí á fi owó ìrẹsì ra ẹ̀rọ?"

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ má ṣe bínú sí ẹni tó béèrè rẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ìjọ kan tí mo ti sìn rí, tí n kò ní dárúkọ, gba ọrẹ fún àwọn opó. Kí owó náà lè pọ̀ sí i, a kó o fún arákùnrin kan tó fẹ́ máa fún omi ọsàn sínú ìgò tà. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ náà, mo sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Omi ọsàn kò dà bí gàrí. Bí a kò bá fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀, kò pẹ́ tí yóò fi kan. Ìgò gbọ́dọ̀ mọ́, iná gbọ́dọ̀ wà, nọ́ńbà NAFDAC gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Arákùnrin náà kò jalè o. Òwò náà ló ṣubú. Ṣùgbọ́n nígbà tí opó kan wá béèrè owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, àpò ti ṣófo. Ìyá náà kò pariwo. Ó kàn ní, "Pásítọ̀, ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ fi tèmi ṣòwò?"

N kò rí èsì fún un. Àwa ìgbìmọ̀ fi owó oṣù wa san án padà díẹ̀díẹ̀, ó gbà wá ní ọdún méjì.

ṢÉ ÈRÈ WÁ BURÚ NI?

Rárá. Ní ọdún 1996, dókítà ará Faransé kan, André Briend, àti Michel Lescanne tó ni ilé iṣẹ́ Nutriset, ṣe oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Plumpy'Nut. Ẹ̀pà lílọ̀, wàrà gbígbẹ, ṣúgà, òróró àti fítámì ló wà nínú rẹ̀. Kò gba omi, kò gba iná. Ìyá lè fún ọmọ tí ebi ti sọ di egungun jẹ nílé. Nígbà ìyàn orílẹ̀-èdè Niger ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières tọ́jú ọmọ tó lé ní 60,000 níbẹ̀, oúnjẹ yìí sì ni igi lẹ́yìn ọgbà wọn. Ká ní ẹnikẹ́ni kò fi owó òwò sí i, bóyá a kì bá tí rí i.

Ṣùgbọ́n nígbà náà, Nutriset ti fi òfin dè é pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ láìgba àṣẹ. Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ méjì ní Amẹ́ríkà gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2010, Nutriset ṣí ọ̀nà fún àwọn ilé iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà láti máa ṣe é ní ìrọ̀rùn. Èrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí èrè bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ bọ́ ọmọ tí ebi ń pa ni ọ̀rọ̀ di tí Ọlọ́run.

Iṣẹ́ mìíràn sì wà tí oníṣòwò kò lè rí jẹ níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, a fi irú gbágùúdá mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè tó ní fítámì A lélẹ̀ ní Nàìjíríà. IITA ní Ìbàdàn wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú HarvestPlus, owó àánú sì ló gbé e ró, títí kan ti àjọ Bill àti Melinda Gates. Àgbẹ̀ tó bá ti ní in lè gé igi rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni yóò jèrè níbẹ̀? Àánú nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ẹ wo oko Bóásì (Rúùtù 2). Òwò ni oko náà, Bóásì sì ń kórè èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n èṣẹ́ tó kù lórí ilẹ̀, ti òtòṣì ni (Léfítíkù 19:9-10). Oko kan ni, ààlà rẹ̀ sì hàn. Nítorí náà:

1. Owó tí a gbà fún òtòṣì ti di ti òtòṣì. Ẹ má ṣe fi ṣòwò, bó ti wù kí òwò náà dára tó. Ebi alẹ́ òní kò lè dúró de ẹ̀rọ (Jákọ́bù 2:15-16). Ìrẹsì oṣù Kejìlá kò gbọdọ̀ dúró.

2. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, kó dá owó tirẹ̀, èyí tó lè pàdánù láìsunkún. Kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ wa mọ̀: ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá àti jáàkì tí ń fún omi rẹ̀. Gbágùúdá tí a wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n gàrí tó gbẹ dáadáa ń pẹ́ nílẹ̀. Kí àwọn ìyá tí ń yan án ní ìpín nínú èrè náà.

3. Kí ìwé owó wà ní ṣíṣí. Pọ́ọ̀lù pàápàá ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn nípa ọrẹ (2 Kọ́ríńtì 8:20-21). Bí a bá jèrè, ká sọ pé a jèrè. Kì í ṣe pé Ananíà mú lára owó rẹ̀ ló pa á. Irọ́ ló pa á.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe jẹ́ kí opó mìíràn bi wá ní ìbéèrè tí ìyá yẹn bi mí. Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tó lawọ́, ojú tó mọ ààlà, àti ọkàn tó mọ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.