Níbo Ni Ìwé Ẹgbẹ́ Wa Yóò Máa Gbé?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ àyájọ́ ọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

Wọ́n ní kí àwa tí a wà ní ọ́fíìsì sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń fa àríyànjiyàn ní ìpàdé láti ìjọ́sí. Àwọn kan ní ká kó ìwé ẹgbẹ́ lọ sórí ohun tí wọ́n ń pè ní cloud. Àwọn kan ní láéláé, wọn ò ní gbé owó àwọn lọ sójú sánmà. A gbọ́ tọ̀tún, a gbọ́ tòsì. Ẹ jẹ́ ká bá a láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọjà, oníbúrẹ́dì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ J. Lyons ní London, tó ń ta tíì, búrẹ́dì àti kéèkì ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri, ló kan ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní LEO, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iṣẹ́ búrẹ́dì wọn ní 1951. Odindi yàrá ńlá ni ẹ̀rọ náà gbà. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù á tẹ ọ́fíìsì láago, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́jọ́ kejì, LEO á bá wọn ṣe é. Obìnrin ọjà bíi tiwa náà ni. Kódà, Ford tó ń ṣe mọ́tò sanwó fún Lyons kí LEO máa bá a ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kéèyàn máa lo kọ̀ǹpútà onílé-onílé kó sì máa sanwó rẹ̀, kì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ayé yí padà, tí oníkálukú ń ra tirẹ̀. Ní 1972, àwọn ọkùnrin márùn-ún kúrò ní IBM ní Jámánì, wọ́n dá SAP sílẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni pé kí owó, ọjà inú sítóò àti ìwé òṣìṣẹ́ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló lágbára rẹ̀. Sage bẹ̀rẹ̀ ní 1981 ní Newcastle fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ní tiwa níbí, ẹ ó rántí ayé sídì: wọ́n á ta Peachtree tàbí QuickBooks fún ọ, wọ́n á fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ, ó parí. Ṣùgbọ́n kò parí o! Iná, jẹnẹrétọ̀, fáírọ́ọ̀sì, ẹni tó máa tún un ṣe, ọrùn rẹ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó dà bí ilé tí èèyàn fúnra rẹ̀ kọ́. Bí òrùlé bá jò, ìwọ lo máa wá káfíńtà.

Òrùlé tiwa jò ní 2016. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ ò ní gbàgbé. Iná wá pẹ̀lú agbára lọ́jọ́ kan nínú òjò, ó ba kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì jẹ́, owó oṣù mẹ́rin tí ẹ dá sì lọ mọ́ ọn. Ọmọkùnrin tó bá wa fi sọ́fíwíà náà sí i ti rìnrìn-àjò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jókòó, tí à ń gba pásíbúùkù yín lọ́kọ̀ọ̀kan, tí à ń kọ ọ́ padà. Ìyá kan láàárín wa ti sọ tirẹ̀ nù. Ó ní ogójì ẹgbẹ̀rún náírà lòun dá. Àwọn kan ń kùn pé ta ló rí i. Ẹgbẹ́ san án fún un, ṣùgbọ́n ojú tì í, ẹkún ló sun kó tó kúrò ní ìpàdé lọ́jọ́ náà. Àwa tí a jẹ́ akọ̀wé ló yẹ kójú tì, nítorí pé ibì kan ṣoṣo la kọ owó rẹ̀ sí.

Ó dáa, kí wá ni cloud? Ní 1999, Marc Benioff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Salesforce sílẹ̀ ní San Francisco. Wọ́n ní ẹ má ra sọ́fíwíà mọ́, ẹ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé wá bá a lọ́dọ̀ wa, kẹ́ ẹ máa sanwó ìlò. Ní 2006, Amazon náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ háyà fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́. Kò sí ohun kankan lójú sánmà. Ilé ni, lórí ilẹ̀ ni, ó kún fún kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Irú rẹ̀ wà ní Lẹ́kí, Èkó. Ṣọ́ọ̀bù la kọ́ tẹ́lẹ̀, a fẹ́ wá máa háyà báyìí.

Èrè rẹ̀ tó wù wá jù ni pé bí akápò bá ti gba owó lọ́wọ́ yín, àtẹ̀jíṣẹ́ lè wọ fóònù yín kẹ́ ẹ tó dé ìsọ̀. Alága, akápò àti akọ̀wé á ní kọ́kọ́rọ́ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá sì yí nọ́ńbà padà, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Àwa akọ̀wé náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìfura kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba àwọn ìyá wa kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ẹni tó ń háyà, bí kò bá san owó, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí wọ́n bá sì fi dọ́là gé owó fún wa, ẹ rántí bí náírà ṣe já ní 2023. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já lápá Côte d'Ivoire, ó sì ṣe àkóbá fún àwọn báńkì wa níbí. Ilé náà tún lè jóná. Ní oṣù kẹta 2021, iná jó ilé kọ̀ǹpútà OVH kan ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, àwọn oníbàárà tí kò ní ẹ̀dà síbòmíràn sì pàdánù ìwé wọn. Cloud ni wọ́n wà o!

Ẹ ṣáà ń dá àjọ. Ìwé wà lọ́wọ́ alájọ, káàdì wà lọ́wọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ náà la fẹ́ kí èyí rí. Ohun tí ìgbìmọ̀ máa gbé síwájú yín ní ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí: ká lọ sórí cloud, lọ́dọ̀ ẹni tó máa gba náírà, tó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé a lè kó ìwé wa jáde lọ́jọ́ tó bá wù wá. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, a ó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí pépà, ẹ̀dà kan á wà lọ́dọ̀ Ìyálọ́jà, ọ̀kan á wà nínú àpótí ẹgbẹ́. Pásíbúùkù ò sì ní kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa dìbò sí i.

Kí ìdìbò náà tó dé, ẹ mú pásíbúùkù yín wá sí ọ́fíìsì ká fi wé ti kọ̀ǹpútà. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti sọnù, kó wá bá wa jẹ́jẹ́, a ó ṣe òmíràn fún un. Kò sẹ́ni tó máa pariwo mọ́ ọn.