Ọ́ìlì Tó Ń Jò: Ẹ Wo Òkè Kí Ẹ Tó Wo Ilẹ̀

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ìròyìn kiri Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó yóò bá àwọn onítípà jókòó dandan. Àwa náà sì ti ní ọlọ́kọ̀ akẹ́rù láàárín wa. Ọ̀rọ̀ owó yín ni mo gbé wá.

Gbogbo wa la mọ 911, Mercedes tí ilé-iṣẹ́ ANAMMCO bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Enugu ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Sílíńdà 6 ló ní, kò ní kọ̀ǹpútà: ojú, imú àti ọwọ́ la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ó ti dàgbà, ọ́ìlì sì máa ń jò lára àgbà ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti kán sílẹ̀ lápá ẹ̀yìn báyìí, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni: "Ọ̀gá, ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ti lọ, a máa sọ jíà kalẹ̀." Iṣẹ́ ńlá, owó ńlá. Ó lè jẹ́ òótọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó.

Iṣẹ́ tèmi kọ́ mi pé ibi tí a ti gbọ́ ìròyìn kọ́ ni orísun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì. Ó ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbé e sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń sáré. Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà tó wà lókè lè máa jò, kí ẹ̀bi rẹ̀ wá bọ́ sọ́rùn síìlì tó wà nísàlẹ̀. Bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbé.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí wọ́n fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ o, iná ni! Bó bá gbẹ, ẹ wọ́n pọ́dà sí i lára, kí ẹ wa ọkọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì láti òkè wá sísàlẹ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ibi tí pọ́dà ti kọ́kọ́ tutù lókè ni kí ẹ mú.

Kí ẹ tó ra síìlì, ẹ yẹ bríídà wò, ìyẹn ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Bó bá dí, atẹ́gùn inú yóò máa ti ọ́ìlì jáde níbi gbogbo, síìlì tuntun náà yóò sì tún jò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ẹ bá nu bríídà mọ́ tí èéfín ṣì ń tú jáde níbẹ̀ gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rín-ìn-gì píísìtìn ló ti jẹ. Gáskẹ́ẹ̀tì kò lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ fi ìka kan èyí tó ń kán lẹ́yìn, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísù máa ń dúdú. Ti jíà ki, ó sì ń ta ní imú. Síìlì ti jíà lè ti lọ, kí a máa fẹ̀sùn kan ẹ́ńjìnnì.

Bó bá jẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n ha ojú irin méjèèjì mọ́, kí wọ́n máa fún bọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, yíká. Fífún jù máa ń fa kọ́ọ̀kì ya. Gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó: èyí tó pọ̀ jù lè já bọ́ sínú, kó dí asẹ́ ọ́ìlì, kí ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, tàbí abẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì típà tí wọn kò fi nǹkan gidi tì.

Ọ́ìlì tí ẹ ń bù sí i láràárọ̀, owó ilé-ìwé ọmọ ni. Èyí tó kán sójú títì, tí òjò wá rọ̀ lé, lè gbé ọlọ́kadà ṣubú. Èyí tí wọ́n dà sí gọ́tà lè wọ kànga àdúgbò. Nítorí náà, bí mẹkáníìkì bá dárúkọ iye owó, ẹ bi í pé: "Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́? Ṣé ẹ ti wo òkè?"