Àlọ́ Kan, Ìdájọ́ Púpọ̀

Àlọ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Ẹnìkan lè wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Ṣé àlọ́ tí à ń fi dá àwọn ọmọdé lára yá ní alẹ́ ni àgbàlagbà tún ń pe ìpàdé lé lórí?” Ìdáhùn wa ni pé ibi tí ọmọ ti kọ́kọ́ kọ́ ìdájọ́ kì í ṣe ibi kékeré. Kí ọmọ tó mọ òfin ìlú, ó ti mọ ẹni tí àlọ́ dá láre àti ẹni tí àlọ́ dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí a fi àlọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Cinderella, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ti kú wà lọ́dọ̀ aya bàbá rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó bí ẹrú. Ohun àràmàǹdà kan ràn án lọ́wọ́, ó wọ aṣọ iyebíye lọ sí òde àríyá, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, bàtà yìí ni a sì fi wá a rí tí ó fi di aya ọba. Àwọn kan rò pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àlọ́ yìí ti ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn ìbí Kristi, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Duan Chengshi ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ye Xian ni orúkọ ọmọbìnrin náà níbẹ̀, ẹja sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Aya bàbá rẹ̀ pa ẹja náà jẹ, ṣùgbọ́n egungun ẹja yìí ni ó fún un ní aṣọ àti bàtà wúrà. Nígbẹ̀yìn, òkúta tí ń fò ni ó pa aya bàbá náà àti ọmọ rẹ̀.

Ní Naples, ní ilẹ̀ Ítálì, ó wà nínú ìwé Giambattista Basile, tí a tẹ̀ láàrin 1634 àti 1636, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Níbẹ̀, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ìkà: olùkọ́ rẹ̀ tì í sí i, ó sì fi ìdérí àpótí ńlá ṣẹ́ aya bàbá rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́rùn. Síbẹ̀ ó di ayaba, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè ẹ̀jẹ̀ náà.

Ní 1697, Charles Perrault tẹ tirẹ̀ ní Paris fún àwọn ènìyàn ńláńlá ilẹ̀ Faransé. Òun ni ó sọ bàtà náà di bàtà dígí. Lẹ́nu tirẹ̀, ọmọbìnrin náà dárí ji àwọn ọmọ aya bàbá rẹ̀, ó mú wọn wọ ààfin, ó sì fi wọ́n fún àwọn ìjòyè níyàwó. Ní 1812, Jacob àti Wilhelm Grimm tẹ ti ilẹ̀ Jámánì. Nínú tiwọn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ aya bàbá gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, èkejì gé gìgísẹ̀ rẹ̀, kí bàtà náà lè bá wọn mu. Nígbà tí a tún ìwé náà tẹ̀ ní 1819, wọ́n fi kún un pé àwọn ẹyẹlé sọ ojú àwọn méjèèjì fọ́.

Ẹ kíyèsí i: àlọ́ kan náà ni, ìdájọ́ mẹ́rin. Ní Ṣáínà, ikú ni èrè ìkà. Ní Naples, ẹni tí orí bá ṣe ní rere ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Ní Paris, ìdáríjì ni ó borí. Ní Jámánì, ẹ̀san ni. Àlọ́ kì í dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀; ẹni tí ń pa á ni adájọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Grimm yìí kan ẹgbẹ́ tiwa gidigidi. Nígbà tí wọ́n ń kó àlọ́ jọ ní Kassel, abẹ́ Jérôme, àbúrò Napoleon, ni ìlú wọn wà, láti 1807 títí dé 1813. Wọ́n rí i pé èdè àti ìṣe àwọn baba wọn lè parun, wọ́n sì wí pé láti ẹnu àwọn ará ilẹ̀ wọn gan-an ni àwọn ti gbọ́ àlọ́ náà. Iṣẹ́ tí ó yẹ ní ìyìn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó pa àlọ́ fún wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ọ̀mọ̀wé inú ìlú. Dorothea Viehmann pàápàá, aya aránṣọ tí wọ́n yìn jùlọ, ìran àwọn Faransé tí ó sá wá sí Jámánì nítorí ìsìn ni. Lẹ́yìn èyí, Wilhelm ń tún àwọn àlọ́ náà ṣe láti ìtẹ̀jáde dé ìtẹ̀jáde, títí ó fi di ẹ̀ẹ̀keje ní 1857.

Kí ni ó tún ṣe? Nínú ìwé ti 1812, ìyá tí ó bí Snow White lọ́mọ ni ó fẹ́ pa á nítorí ìlara ẹwà. Ní 1819, ó ti di aya bàbá. Ìyá tí ó bí Hansel àti Gretel ni ó ní kí a kó wọn sọnù sínú igbó. Ní 1840, òun náà ti di aya bàbá. A kò fẹ́ kí ọmọdé gbọ́ pé ìyá lè ṣe ìkà sí ọmọ inú rẹ̀, nítorí náà a gbé ẹrù náà lé obìnrin mìíràn lórí. Láti inú èyí tí a ti tún ṣe ni Walt Disney ti mú sinimá rẹ̀ ti 1937 jáde, ó sì tàn ká gbogbo ayé.

Kí a tó fi ọwọ́ tọ́ka sí Jámánì, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ta ni kò mọ àlọ́ ọmọbìnrin tí ó ń ta epo, tí iwin ra epo lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó sì dín ẹyọ kan? Ọmọ ìyàwó ni ọmọ náà. Ó tẹ̀lé iwin dé ilé rẹ̀, ó gbọ́ràn, ó ká àdó tí kò fọhùn, ó sì fi àwọn tí ń ké pé kí a ká àwọn sílẹ̀. Ọrọ̀ ni ó bá bọ̀. Ìyálé ilé jowú, ó rán ọmọ tirẹ̀. Ọmọ yìí ká àdó aláriwo, ejò àti ẹranko búburú sì tú jáde lé e lórí. Nínú ìwé àwọn Grimm, Frau Holle bá a mu: ọmọ tí ó ṣiṣẹ́ kára bá wúrà bọ̀, ọmọ ọ̀lẹ bá ọ̀dà bọ̀.

Ẹ̀kọ́ rere wà nínú àlọ́ wa yìí: ìgbọràn, sùúrù, àti pé ohun tí ń pariwo kọ́ ni ó níye lórí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú inú wo agbo ilé tí ọmọ ìyálé àti ọmọ ìyàwó jọ jókòó láti gbọ́ ọ. Kí ni ọmọ ìyàwó yóò máa rò nígbà tí ìyálé bá gbé oúnjẹ fún un ní òwúrọ̀? Ọmọ ìyálé ńkọ́, ẹni tí ó gbọ́ pé ejò ni èrè ọmọ tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ rán an? Gbogbo wa mọ ìyálé tí ó tọ́ ọmọ orogún rẹ̀ dàgbà, tí ó rán an ní ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì gbé e níyàwó. Àlọ́ mélòó ni a ní nípa irú wọn?

Kí ni kí a ṣe? Àwọn kan yóò wí pé kí a gbá gbogbo ìkà inú àlọ́ dànù. A kò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ méjì ni ó wà, kò sì yẹ kí a da wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ kìíní ni ìkójọ. A. B. Ellis tẹ díẹ̀ nínú àlọ́ wa ní 1894. Lydia Cabrera kó ti àwọn ọmọ ẹrú ilẹ̀ Kúbà jọ, ó tẹ̀ wọ́n ní Paris ní 1936, àti ní Havana ní 1940. Jicotea, alábahun ibẹ̀, sì jọ Ìjàpá wa púpọ̀. Adébóyè Babalọlá tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá ní 1973. Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ẹni tí ó bá ń kó àlọ́ jọ, kí ó kọ ohun tí ó gbọ́, kí ó kọ orúkọ ìlú àti ọdún tí ó gbọ́ ọ, kí ó má sì yí ìdí rẹ̀ padà nítorí pé kò dùn mọ́ ọn.

Iṣẹ́ kejì ni ti bàbá àti ìyá tí ń pa àlọ́ fún ọmọ. Àwọn lè yan ìparí, gẹ́gẹ́ bí Perrault ti yan ìdáríjì, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ni ó yàn án, kí wọ́n má fi sí ọrùn àwọn baba ńlá wa. Bí a bá sì parí àlọ́ elépo ní alẹ́ kan, kí a bi àwọn ọmọ léèrè pé: ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́, ṣé òun ni ó jẹ̀bi? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti bi àlọ́ léèrè ìdájọ́ ni yóò lè bi ìlú léèrè pẹ̀lú.